Ilẹ̀ Browns Mill ní Atlanta: bí oko tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ṣe di igbó eléso fún gbogbo aráàlú

Ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kan wà ní àdúgbò Browns Mill tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, kó ká èso, kó já ewé, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Éékà 7.1 ni ilẹ̀ náà. Bí a bá ka púlọ́ọ̀tì mẹ́fà sí éékà kan bí àwọn awọnlẹ̀ wa ti máa ń kà á, ó lé ní ogójì púlọ́ọ̀tì. Urban Food Forest at Browns Mill ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ìlú ló ni ín, àmọ́ àwọn ará àdúgbò àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń gbìn ín, àwọn ló ń bomi rin ín, àwọn náà ló ń tu koríko ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, ìròyìn sọ pé àwọn tó ti bá wọn dá sí iṣẹ́ náà ti tó ẹgbẹ̀rún kan, àti pé ohun ọ̀gbìn ibẹ̀, èyí tó ṣeé jẹ àti èyí tó ṣeé fi ṣe egbòogi, ti tó 2,500.

Ẹni tó bá gbọ́ nípa rẹ̀, èso ọ̀fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Kò burú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ki jù ni bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àdúgbò, àti bí wọ́n ṣe gbà á padà. Bí ìwé ilẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́lé tà, kò sí igi tí a gbìn síbẹ̀ tó dájú pé yóò dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Oko, ilé tí kò dìde, àti igbó

Tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń dáko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àtàwọn nǹkan oko mìíràn. Nígbà tí ìkórè bá pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè jẹ lọ, wọn a gbé ìyókù sórí òpó ọgbà létí ọ̀nà kí aládùúgbò tó bá ń kọjá mú un. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì kọ orúkọ ẹni tó mú un sílẹ̀. Àṣà yẹn ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ìjọba tó mọ̀ pé ó wà, ó sì yẹ ká fi sọ́kàn, nítorí ẹni tó bá rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ló jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n dá èrò èso ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ti gba iyì oníyì fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ta ilẹ̀ náà fún oníṣòwò tó fẹ́ kọ́ ilé alásopọ̀ síbẹ̀, irú èyí tí ògiri kan máa ń wà láàárín ìdílé méjì, kó sì tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò dá àwọn àgbà náà lẹ́bi. Àgbà tó ti ń rẹ̀ lè ta oko rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà kò dìde. Iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, ilẹ̀ náà sì wà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oko, kì í ṣe ilé.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Georgia á mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n bá pa tì. Ewéko àjèjì ló máa ń gbà á. Kudzu ni olórí wọn. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti gbé e wá síbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Philadelphia lọ́dún 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira. Láàárín 1930 sí 1940, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń rọ àwọn àgbẹ̀ gúúsù pé kí wọ́n gbìn ín kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ wọn lọ. Ó dá ọ̀gbàrá dúró lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ibi tó yẹ kí òun náà ti dúró. Ní ìgbà ooru, ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Á gun igi, á bò ó mọ́lẹ̀, igi náà ò ní rí oòrùn mọ́, á sì kú. Privet àti English ivy náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹgbẹ́ tó ń tún igbó ṣe ní Atlanta, ó di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí wà lára ohun tí wọ́n ń bá jà.

Ìwé ilẹ̀

Lọ́dún 2016, àjọ kan tí kì í ṣe tìjọba, The Conservation Fund, ra ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ àjọ yìí ni pé ó máa ń tètè ra ilẹ̀ tó bá wà nínú ewu, á dì í mú títí ìjọba tàbí aráàlú á fi rí owó gbà á. Ìrànwọ́ tún wá láti ọ̀dọ̀ US Forest Service, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó igbó, lábẹ́ ètò kan tí òfin ọdún 2008 dá sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó bá fẹ́ ní igbó tiwọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Atlanta fọwọ́ sí i pé kí ìlú ra ilẹ̀ náà ní 157,384 dọ́là, kí wọ́n sì fà á lé ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ lọ́wọ́. Keisha Lance Bottoms ni olórí ìlú nígbà náà, ṣùgbọ́n ètò oko inú ìlú ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà Kasim Reed tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó yan ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ìlú náà ní fún iṣẹ́ oko láàárín ìgboro.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ètò ìrànwọ́ ọdún 2008 yẹn, nítorí àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Ètò náà kì í san ju ìdajì owó iṣẹ́ lọ, ẹni tó ń béèrè ló gbọ́dọ̀ wá ìdajì yòókù. Ẹnikẹ́ni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí igbó, kí gbogbo èèyàn sì ráyè wọ̀ ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ó tà á, tàbí tó fi ṣe nǹkan tí kì í ṣe igbó, á san iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà padà fún ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á nígbà àtijọ́. Kò sì ní rí irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ gbà mọ́. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe di okùn náà: bí owó ilẹ̀ bá ṣe ń gòkè sí i ní Atlanta, bẹ́ẹ̀ ni títà rẹ̀ á ṣe máa le sí i fún ẹni tó bá ń ṣojúkòkòrò. Mo ti rí ọgbà àdúgbò tó lẹ́wà ju èyí lọ tí ọkọ̀ katakata ti wọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ onílẹ̀ tó jẹ́ èèyàn rere. Onílẹ̀ á kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì ní èrò tiwọn.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, ohun tí àdúgbò náà ń fẹ́ kò fara sin. Àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹnì kan láàárín mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ìlà òṣì tí ìjọba fà. Láti ibẹ̀ dé ilé ìtajà oúnjẹ tó sún mọ́ wọn jù, bọ́ọ̀sì á rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti gbé àpò iṣu àti ike òróró lórí bọ́ọ̀sì rí mọ ohun tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn túmọ̀ sí fún àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn. Ìlú Atlanta sọ nígbà náà pé òun fẹ́ kó jẹ́ pé, nígbà tó bá fi máa di 2022, èèyàn 85 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní jìnnà ju ìdajì máìlì lọ sí ibi tí oúnjẹ tútù wà. Igbó kan kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ápù àti mulberry ò lè rọ́pò ọjà. Ẹni tó bá ń ta igbó yìí fún aráyé bíi pé òun ló máa pa ebi Atlanta ń purọ́ mọ́ ọn, irọ́ yẹn sì máa ń pa irú iṣẹ́ báyìí lára nígbà tí ọdún bá yí tí ebi ò lọ.

Bí wọ́n ṣe tò ó

Ètò gbígbìn tí wọ́n tẹ̀ lé ni ti ìpele-ìpele: igi ńlá lókè, igi kékeré lábẹ́ rẹ̀, igi tó ṣù mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìyẹn, lẹ́yìn náà ewé, ohun tó ń fà nílẹ̀, ohun tó ń ta nínú ilẹ̀, àti ìtàkùn tó ń gun gbogbo wọn. Ìpele méje ni wọ́n máa ń kà. Robert Hart, ará England kan tó gbin irú ọgbà yìí sí Shropshire, ló mú kí èrò náà tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó, òun náà sì sọ pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà ló la òun lójú. Ẹni tó bá dàgbà sí ilé ńlá kan ní Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á lójú. Orógbó àti àgbálùmọ̀ wà lókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ lábẹ́, ewúro létí ògiri, ata àti ẹ̀fọ́ nílẹ̀, kókò níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ewùrà ń gun igi. Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà náà ni wọ́n tún gbìn sí Atlanta, òtútù ló kàn yí orúkọ àwọn igi padà.

Orúkọ àwọn igi ọ̀hún nìyí, díẹ̀ nínú wọn. Pecan àti walnut ló wà lókè. Lábẹ́ wọn ni ápù, plum, ọ̀pọ̀tọ́, mulberry àti persimmon wà. Blueberry àti blackberry ló ṣù mọ́lẹ̀. Muscadine, àjàrà ìbílẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà tí èèpo rẹ̀ yi, ló ń gun òkè. Ọgbà ewé ìwòsàn wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ilé oyin wà, odò kékeré kan sì ń ṣàn kọjá.

Persimmon máa ń wú mi lórí. Ìbátan igidùdú wa ni, ìran kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kà wọ́n sí. Bí èèyàn bá já a nígbà tó ṣì le, tó sì gé e jẹ, ẹnu rẹ̀ á gan, ahọ́n rẹ̀ á sì dà bí èyí tí wọ́n fi ẹfun pa. Kí ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi rọ̀, tí èèpo rẹ̀ á hun, tí yóò já bọ́ fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Adùn tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ò ní àlàyé. Ọ̀pọ̀ àlejò tó sọ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ ti já a ní àjápọ̀n ni.

Ti pecan tún ní ìtàn lẹ́yìn tó yẹ kí gbogbo ọmọ Adúláwọ̀ tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí pecan ti ń hù nínú igbó Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbin kóró rẹ̀, igi tó máa hù lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá. Èèpo á le, ẹran inú rẹ̀ á kéré. Ní nǹkan bí ọdún 1846 tàbí 1847, ní oko Oak Alley ní Louisiana, ọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ń bójú tó ọgbà ibẹ̀, gé ẹ̀ka lára igi pecan tí èso rẹ̀ dára. Ó dì í mọ́ ara igi mìíràn, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ di ọ̀kan. Igi mẹ́rìndínlógún ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Antoine nìkan ni orúkọ rẹ̀ tó kù nínú ìwé. Irú èso yẹn ni wọ́n wá gbé lọ sí ìpàtẹ Philadelphia lọ́dún 1876, ó gba ẹ̀yẹ níbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Centennial. Ìpàtẹ kan náà tí wọ́n ti ṣí aṣọ lójú kudzu ni wọ́n ti yin iṣẹ́ Antoine láìdárúkọ rẹ̀. Georgia ló máa ń ṣáájú gbogbo ìpínlẹ̀ nínú pecan lọ́pọ̀ ọdún báyìí, àwọn igi tí wọ́n dì mọ́ra wọn lọ́nà yẹn ló sì ń mú owó náà wá.

Iṣẹ́ ọwọ́

Trees Atlanta, ẹgbẹ́ tó ti ń gbin igi sí ìlú náà láti 1985, wà lára àwọn tó ń kó àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jọ. Bí òjò àti òtútù bá ti dé, láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kẹta, ni wọ́n máa ń gbin igi. Àlejò tó bá ti ilẹ̀ olóoru dé lè rò pé àṣìṣe ni. Igi tó ti wọ́ ewé sílẹ̀ kò náwó sórí ewé mọ́, gbòǹgbò nìkan ló ń bójú tó, ooru kò sì ní fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Bí mo bá ní kí n mú iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ kí olùkàwé rí kedere, títẹ́ páálí ni. Ilẹ̀ Georgia jẹ́ amọ̀ pupa, ó le bí ògiri nígbà ọ̀dá, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi ọkọ́ tu koríko orí rẹ̀ tán pátá, ẹ̀yìn àwọn èèyàn á kán, koríko á sì tún hù. Nítorí náà, wọ́n á gé koríko mọ́lẹ̀ láìfà á tu. Wọ́n á kó páálí tí wọ́n fi di ẹrù jọ, wọ́n á ṣí sẹ́lótéèpù àti irin kékeré ara rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń mú ọmọdé lọ́wọ́ fún wákàtí kan gbáko. Wọ́n á tẹ́ ẹ ní gbígbé orí ọ̀kan lé ti èkejì, nítorí ibi tí àlàfo bá ti tó ìka ọwọ́ kan ni koríko máa gbà jáde. Wọ́n á bu omi sí i títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni bárò á máa lọ, á máa bọ̀, pẹ̀lú èérún igi tí àwọn tó ń gé igi ìgboro já sílẹ̀, wọ́n á dà á sórí páálí kó nípọn tó ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Oòrùn ò dé ọ̀dọ̀ koríko mọ́, ó kú sábẹ́ ibẹ̀, ekòló á sì gbé páálí náà jẹ kí ọdún tó yí po.

Ọ̀kan tí ó máa ń bí àwọn aṣáájú iṣẹ́ nínú ni èérún igi tí wọ́n bá kó jọ mọ́ ìdí igi bí òkìtì. Inú ire ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ fi ṣe é, ó rò pé òun ń fi aṣọ bo igi. Ṣùgbọ́n èèpo tó bá wà nínú ọ̀rinrin títí á jẹrà, eku á sì ṣe ilé síbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan ni kí ó wà láàárín èérún igi àti ìtì igi yíká. Blueberry náà ní òfin tirẹ̀. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó kan, kì í sì í so dáadáa bí irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò bá sí nítòsí ara wọn fún oyin láti máa rìn láàárín wọn. Mo sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí àwọn kan rò pé yíyọ̀ǹda ara ẹni túmọ̀ sí iṣẹ́ tí kò nílò ọgbọ́n. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ nílé pàápàá, ẹni tó bá kọ ebè tí kò dáa, onílé á sọ fún un.

Àwọn ewé tí ẹnikẹ́ni ò gbìn

Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló léwu jù. Nínú igbó bẹ́ẹ̀, ewé tó hù fúnra rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀tá. Pápásan ń hù nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀ Georgia, bí ó ṣe ń hù nílé. Tẹ̀tẹ̀ náà wà ní oríṣiríṣi, ọ̀kan nínú ìran rẹ̀ tiẹ̀ ti di ọ̀tá ńlá fún àwọn olóko òwú Georgia, nítorí oògùn apakoríko wọn kò ran án mọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ilá àti ẹ̀wà bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé gúúsù Amẹ́ríkà láti Áfíríkà, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Maypop, ìtàkùn kan tí òdòdó rẹ̀ rí bí adé, máa ń gun àwọn igi kéékèèké. Èso rẹ̀ ṣeé jẹ, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń fi ewé rẹ̀ se tíì fún ẹni tí oorun kò kùn.

Ewéko mìíràn wà tí kò gba àṣejù. Pokeweed ga, igi rẹ̀ pupa, èso rẹ̀ dúdú ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ọmọdé sì máa ń fẹ́ gbà á sẹ́nu. Oró ni gbòǹgbò àti èso rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà gúúsù, dúdú àti funfun, ń jẹ ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé rẹ̀ nígbà ìrúwé, ṣùgbọ́n wọ́n á sè é, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún sè é nínú omi mìíràn kí wọ́n tó dín in. Ẹni tí kò bá sí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fi í sílẹ̀. Elderberry tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ikọ́, wọn kì í jẹ ẹ́ ní tútù, àwọn kóró rẹ̀ máa ń mú èébì wá. Poison ivy sì wà, ewé mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, tí òróró ara rẹ̀ máa ń wú awọ ara tó sì máa ń yún èèyàn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ní ìgbà òtútù tí kò bá sí ewé lára rẹ̀ mọ́, òróró náà ṣì wà lára ìtàkùn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń mú àwọn tó wá gbin igi.

Nítorí irú nǹkan báyìí, igbó gbogbo aráàlú nílò ẹni tó mọ ewé. Mo ti ka àpilẹ̀kọ oríṣiríṣi tó ń yin irú ibẹ̀ tí kò sì dárúkọ ẹni tó ń dúró ti àlejò tó ń sọ pé, "Èyí rèé, tọ̀hún kọ́." Ẹni yẹn ni òpó ilé. Bí ó bá lọ láìkọ́ ẹlòmíràn, orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ò lè dí àlàfo rẹ̀, nítorí pátákó kò lè fi hàn èèyàn bí ewé kan ṣe ń rùn nígbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ fún un.

Ta ló ń kó o lọ?

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń béèrè ni pé, bí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀sì dé, tó ká gbogbo rẹ̀ lọ tà ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Kò sí géètì tó lè dá a dúró nínú ọgbà gbogbo aráàlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èso ṣe ń pọ́n. Mulberry kì í dúró. Ó máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó máa ń ba aṣọ jẹ́, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́, oníṣòwò ò lè kó o rìn jìnnà. Ọ̀pọ̀tọ́ náà bẹ́ẹ̀. Ewé ìwòsàn sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń gé e ló ń yọ sí i. Èyí tó ṣeé kó lápò ni pecan, ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ sì máa ń ṣáájú ènìyàn débẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ju olè lọ ni ìfiṣòfò. Ẹni tó já èso tí kò tíì pọ́n ti ba tirẹ̀ jẹ́, ó sì ti ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó fa ẹ̀ka mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó òkè, ọdún mẹ́ta ni ó gé kúrò nínú ayé igi náà. Òfin kò tó fún èyí. Àwọn tó bá ti tẹ́ páálí rí, tí wọ́n ti gbé bárò, kì í sábà fa ẹ̀ka ya, nítorí wọ́n ti mọ iye òógùn tó wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé ìdí tó lágbára jù lọ tí ó fi yẹ kí àwọn ará àdúgbò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, ó ju owó òṣìṣẹ́ tí ìlú ń fi pamọ́ lọ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìkan kò lè gbé e. Ooru oṣù keje kò mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni àwọn èèyàn ráyè. Igi tí wọ́n gbìn ní ìgbà òtútù nílò omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni, tó ń gba owó oṣù lórí rẹ̀. Pecan tí wọ́n bá gbìn lónìí lè má so títí ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá. Láàárín àsìkò bẹ́ẹ̀, ìlú lè yan olórí tuntun lẹ́ẹ̀mejì, olórí tuntun náà sì lè sọ pé òpópónà ló jẹ òun lógún. Ìwé tí wọ́n ṣe ní 2016 àti 2019 á dáàbò bo ilẹ̀ náà lọ́wọ́ olórí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ pé kí wọ́n fi owó omi sínú ìnáwó ọdún. Ibẹ̀ ni kí ará àdúgbò dúró sí nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú bá ń jíròrò ìnáwó, kí wọ́n wá, kí wọ́n sì pọ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ bá wọn ṣiṣẹ́, oṣù kẹwàá ni kó bẹ̀rẹ̀ sí wò ó. Kó wọ ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn, kó mú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí kò bẹ̀rù amọ̀. Kó béèrè èyí tó jẹ́ poison ivy kó tó fọwọ́ kan ìtàkùn kankan, bí ó bá sì délé, kó fi ọṣẹ àti omi tútù fọ apá rẹ̀ dáadáa kó tó fọwọ́ kan ojú.